Ilẹ̀kùn, kábínẹ́ẹ̀tì àti ọ̀dà wọn nínú ilé tí à ń tún ṣe: kí ni ká yàn, kí ló sì yẹ kó ṣáájú?

ÀtúnṣeIlé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ilé ìdáná, balùwẹ̀ kan àti yàrá mẹ́ta ni àtúnṣe yìí kàn. Ilẹ̀kùn inú ilé márùn-ún la fẹ́ pààrọ̀, ṣùgbọ́n férémù onígi tó gbé wọn ṣì le koko. Ní ilé ìdáná, ojú ilẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì ti ń bó, abẹ́ sínkì sì ti wú. Àpótí yòókù kò ní wàhálà. A máa tẹ́ táìlì tuntun lé ti àtijọ́ lórí jákèjádò ilé.

Ohun tó ń kọ wá lóminú nìyí. Ṣé ilẹ̀kùn tó ní ihò nínú, tó fúyẹ́, ti tó fún yàrá, àbí ká lọ sí èyí tó kún dénú? Ṣé ká yọ kábínẹ́ẹ̀tì dànù ni, àbí ká pààrọ̀ ojú rẹ̀ nìkan? MDF (pákó okùn igi tí wọ́n fi àtè tẹ̀ pọ̀) tí a kùn ní funfun ló wù wá, àwọn kan sì ní fọ́míkà (awọ líle tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú pákó) ló ń pẹ́. Àti pé, ṣé ká tó gbé ilẹ̀kùn kọ́ la ó kùn ún ni, tàbí lẹ́yìn náà?

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ògbó:
Ẹ ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn o. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Táìlì tó nípọn tó mílímítà (mm) 10, pẹ̀lú gúlúù abẹ́ rẹ̀ tó tó 5, ilẹ̀ yín á fi mm 15 ga sí i. Ẹni tó bá wọn férémù lónìí tó sì ra ilẹ̀kùn sí ìwọ̀n yẹn, ayùn ló máa fi gé ìdí rẹ̀ bó bá yá. Bó bá jẹ́ èyí tó ní ihò nínú, gígé yẹn léwu. Igi tó wà nísàlẹ̀ láàárín awọ pákó méjèèjì tó jẹ́ ojú rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó mm 30 sí 40 péré. Ẹ gé e kọjá 20, ohun tó kù láti di awọ méjèèjì mú kò tó nǹkan mọ́. Ẹ gé e tán, bébà tó wà nínú ihò rẹ̀ á yọjú. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ báyìí, ẹ gé igi tó bá ihò náà mu, ẹ fi àtè lẹ̀ ẹ́ padà sínú, kí ẹ sì fi kílámpù dì í mú títí yóò fi gbẹ.

Bí a ṣe ń wọn férémù: fífẹ̀ rẹ̀ níbi mẹ́ta, lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Gíga rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, láti orí táìlì tí a ti tẹ́ tán. Èyí tó kéré jù nínú wọn lẹ máa lò. Lẹ́yìn náà, ẹ na téèpù láti igun dé igun ní ìdábùú. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá fi ju mm 5 lọ yàtọ̀ síra, férémù ti wọ́ nìyẹn, ilẹ̀kùn tí etí rẹ̀ ṣeé fá ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti fi fọ́míkà dì létí. Ẹ tún fi léfẹ́lì gígùn wo òpó méjèèjì, lójú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí òpó kan bá dà síwájú tí èkejì dà sẹ́yìn, ilẹ̀kùn á ti kan férémù lókè kó tó kàn án nísàlẹ̀. Kò sí iye tí ẹ lè fá tó máa wo èyí sàn. Òpó lẹ máa tún tò.

Àyè tí ilẹ̀kùn ń fẹ́: mm 3 lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀, 8 sí 10. Ti balùwẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 10 bí fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde bá wà níbẹ̀, torí abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn ni afẹ́fẹ́ tó máa rọ́pò èyí tó jáde ń gbà wọlé. Ẹ dí i pa, fáànù á kàn máa pariwo lásán, ògiri á máa làágùn.

Ọmọ_Pákó:
Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí n mú ti inú ilẹ̀kùn.

Èyí tó ní ihò: awọ pákó fẹ́lẹ́ méjì, nǹkan bí mm 3 ọ̀kọ̀ọ̀kan, bébà onígun-mẹ́fà tó rí bí afárá oyin láàárín, igi tóóró yí etí rẹ̀ ká. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ju kílò 15 lọ. Ó dáa fún wọ́dúróòbù, yàrá ẹrù, àti ibi tí ariwo kò ti kan ẹnikẹ́ni. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ níbẹ̀ ni ibi tí lọ́ọ̀kì ń wọ̀. Wọ́n máa ń fi ìtì igi kékeré kan sínú ilẹ̀kùn náà nítorí lọ́ọ̀kì, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló sì sábà máa ń wà. Ilé iṣẹ́ á sàmì sí orí ilẹ̀kùn, tàbí kí wọ́n lẹ bébà pélébé mọ́ etí rẹ̀ níbi tó wà. Káfíńtà tí kò bá wo àmì yẹn á gbé hínjì sí ẹ̀gbẹ́ tí ìtì wà, á wá gbẹ́ ihò lọ́ọ̀kì sínú bébà. Ó máa dì mú fún ìgbà díẹ̀, kò ní pẹ́ tí ọwọ́ ilẹ̀kùn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Èyí tó kún: pákó èérún igi ló sábà wà nínú rẹ̀, kílò 25 sókè. Yàrá tí wọ́n ń sùn àti balùwẹ̀ ni mo máa ní kí ẹ náwó rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwúwo nìkan ló ń dá ariwo dúró. Àyè mm 10 tó wà nísàlẹ̀ ti tó fún gbogbo ọ̀rọ̀ inú yàrá láti jáde síta. Bí ẹ bá ń wá ìdákẹ́jẹ́ lóòótọ́ nínú yàrá tí wọ́n ń sùn, ẹ fi rọ́bà yí inú férémù ká, kí ẹ sì gbẹ́ ìdènà tó ń já sílẹ̀ fúnra rẹ̀ sí ìdí ilẹ̀kùn. Láìsí méjèèjì, owó ilẹ̀kùn tó wúwo ti wọ igbó.

Hínjì mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, oní-ínṣì mẹ́rin, ìyẹn mm 100. Ti òkè, 150 sí orí ilẹ̀kùn. Ti ìsàlẹ̀, 225 sí ìdí. Ìkẹta sí àárín gbùngbùn bó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ kí igi wọ́. Bó bá jẹ́ ìwúwo lẹ̀ ń bẹ̀rù, ẹ fi í sí nǹkan bí 200 sísàlẹ̀ ti òkè, torí hínjì òkè ló ń ru ẹrù jù.

Níwọ̀n ìgbà tí férémù àtijọ́ ṣì wà, láti ara férémù ni kí ẹ ti sàmì ojú hínjì, kì í ṣe láti ara ilẹ̀kùn àtijọ́ tí wọ́n ti fá láìmọye ìgbà. Ẹ gbé ilẹ̀kùn tuntun wọ inú férémù, ẹ fi pákó tó nípọn mm 3 há a lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ sàmì, pẹ́ńsù máa ń sanra jù. Ihò skúrúù tó ti fẹjú lára férémù kò ṣeé fi igi ìṣáná kún fún ilẹ̀kùn kílò 25. Bíìtì 10 ni kí ẹ fi lù ú mọ́, kí ẹ fi àtè àti èèkàn igi líle oní-10 kàn án pa, ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó lu ihò kékeré fún skúrúù tuntun.

Alákọ́bẹ̀rẹ̀:
Ẹ jọ̀ọ́, mo ń kà á lọ ni. Ti balùwẹ̀ ńkọ́? Ṣé igi gidi kò ní wú?

Ọmọ_Pákó:
Á wú, kò sígi tí kì í wú. Bí wọ́n ṣe dí i ló ṣe kókó. Ojú mẹ́fà ni ilẹ̀kùn ní: iwájú, ẹ̀yìn, etí ọ̀tún, etí òsì, orí àti ìdí. Orí àti ìdí ni àwọn akunlé máa ń fò torí ojú èèyàn kì í tó o, ibẹ̀ gan-an sì ni igi ti ń mu omi jù, torí ojú tí wọ́n gé ni. Inú ihò lọ́ọ̀kì àti ojú hínjì pẹ̀lú gbọ́dọ̀ rí ọ̀dà. Bí balùwẹ̀ náà ò bá ní fèrèsé tàbí fáànù tó ṣiṣẹ́, ẹ gbàgbé igi, ilẹ̀kùn oníke tàbí WPC (àdàlù igi àti ike) ni kí ẹ lò.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn onípánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn èyí tí pákó wà láàárín igi tó yí i ká, pánẹ́ẹ̀lì àárín kò gbọdọ̀ ní àtè lára, kó lè rìn nínú kòtò rẹ̀. Kí wọ́n sì ti kùn ún kí wọ́n tó tò ó pọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, pánẹ́ẹ̀lì á súnkì, ìlà igi tí kò rí ọ̀dà á sì hàn létí rẹ̀ yípo.

Oníkábínẹ́ẹ̀tì:
ÀtúnṣeIlé, ẹ má yọ kábínẹ́ẹ̀tì dànù kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tú skúrúù hínjì kan sílẹ̀: bó bá mú ìyẹ̀fun igi jáde, tí kò sì fẹ́ le padà, ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn ti rà. Ẹ fi orí skúrúdíráfà tẹ etí pákó ìsàlẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, omi ti débẹ̀. Ẹ wo pákó ẹ̀yìn, kó má jẹ́ pé ìṣó kéékèèké nìkan ló kù tó mú un. Àpótí tó bá yege, ẹ fi sílẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ pààrọ̀.

Ti abẹ́ sínkì ní tirẹ̀, ẹ yọ ọ́. Pákó èérún igi tó bá ti wú kì í padà sípò, ì báà gbẹ. Pláíwúùdù mm 18 tí kì í bẹ̀rù omi ni kí ẹ fi kan tuntun, pẹ̀lú ẹsẹ̀ oníke tó ṣeé yí sókè sódò, kí igi má fara kan ilẹ̀ rárá. Wọ́n á fi pákó aláwọ̀ ewé hàn yín pé kì í gbomi. Aró lásán ni àwọ̀ ewé yẹn. Ìyàtọ̀ wà nínú àtè inú rẹ̀ lóòótọ́, ó máa ń fara da ọ̀rinrin, àmọ́ bí omi bá dúró sí etí rẹ̀ tí wọ́n gé, á wú. Kí ẹ kun sílíkónì yí ihò tí wọ́n gé fún sínkì lára kántà ká, kí sínkì tó wọlé.

Bí ẹ bá ń ra pákó, ẹ bi wọ́n léèrè bó bá ní àmì E1. Ìwọ̀n fọmadiháídì, gáàsì kan tó ń jáde lára àtè pákó, ló ń sọ. Láti 2004 ni IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti ka fọmadiháídì mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Etí tí wọ́n gé tí wọn ò dí ló sì ń tú u jáde jù.

Ìwọ̀n ilẹ̀kùn tuntun kò le: bó bá jẹ́ irú tó ń bo ojú àpótí pátá, ẹ yọ mm 3 kúrò nínú fífẹ̀ àti gíga. Àpótí 600 pẹ̀lú ilẹ̀kùn kan, 597. Pẹ̀lú ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan 297. Gíga àpótí 720, ilẹ̀kùn 717.

Ihò hínjì jẹ́ mm 35 ní fífẹ̀, 12 sí 13 ní jíjìn, àárín rẹ̀ sì máa ń jẹ́ 22.5 láti etí ilẹ̀kùn bí ẹ bá fi 5 sílẹ̀ láàárín etí àti ihò. Lára pákó 18, mm 5 ló ṣẹ́ kù lẹ́yìn ihò yẹn. Lára 16, ó lè má ju 3 lọ, ṣóńṣó àárín bíìtì á sì yọ lójú kejì, níbi tí gbogbo èèyàn á ti máa rí i. Nítorí náà 18 ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi ohun ìdádúró sára dírìlì. Lára àpótí, ibi tí àwo hínjì ń jókòó jẹ́ mm 37 láti etí iwájú, ihò rẹ̀ méjèèjì sì fi 32 jìnnà síra. Bí ti àtijọ́ bá bá ìwọ̀n yìí mu, ẹ ò nílò láti lu ihò tuntun.

Iye hínjì: gíga tó 900, méjì. Tó 1600, mẹ́ta. Tó 2000, mẹ́rin. Ọrùn hínjì tó tọ́ ni kí ẹ bèèrè: ọrùn gbọọrọ fún ilẹ̀kùn tó bo ojú àpótí pátá, èyí tó tẹ̀ díẹ̀ fún ibi tí ilẹ̀kùn méjì ti pín pákó àárín kan, èyí tó tẹ̀ gan-an fún ilẹ̀kùn tó wọ inú àpótí. Ẹ gbé ọrùn tí kò tọ́ síbẹ̀, ilẹ̀kùn ò ní pa dé láéláé, bó ti wù kí ẹ yí skúrúù rẹ̀ tó.

Akunlé_Gidi:
MDF tí a kùn kò burú rárá. Etí rẹ̀ tí wọn ò tọ́jú ló ń bà á lórúkọ jẹ́. Ojú MDF le, ó sì dí. Etí rẹ̀ ń mu ọ̀dà. Ẹ fi sáńdípépà 180 lẹ́yìn náà 240 fá etí náà títí á fi ń dán, ẹ wá fi práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) tí kì í ṣe olómi kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fá a láàárín méjèèjì. Bí práímà olómi bá kọ́kọ́ kan etí yẹn, irun igi á dìde, á sì rí wúruwùru lábẹ́ ọ̀dà dídán.

Igun tó mú bí ọ̀bẹ kì í gba ọ̀dà dúró, ọ̀dà máa ń sá kúrò níbẹ̀. Ẹ fi sáńdípépà yí i po tó mm 2. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ gba iye ọ̀dà tí iwájú gbà: bí iwájú bá gba mẹ́rin tí ẹ̀yìn sì gba ọ̀kan, ọ̀rinrin á gba ẹ̀yìn wọlé, ilẹ̀kùn á tẹ̀.

Irú ọ̀dà wá ńkọ́? Láákà náítirò máa ń yá gbẹ, ó sì rọrùn láti tún ṣe, ṣùgbọ́n funfun rẹ̀ máa ń pọ́n, ìdí ife gbígbóná máa ń fi àmì sí i. Bí ẹ bá fọ́n ọn nígbà tí òjò ṣú, kùrukùru funfun á yọ lójú rẹ̀, torí tínnà tó ń sá lọ máa ń mú ojú igi tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á wá sẹ̀ sí i. Ọ̀dà olóróró funfun náà máa ń pọ́n, pàápàá níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, bí inú kọ́bọ́ọ̀dù. Fún kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná, èyí tó ní agolo méjì, ti PU (ọ̀dà pọliyurétéènì) pẹ̀lú ohun tó ń mú un le, ni mo máa yàn. Kì í bẹ̀rù omi àti òróró, ó sì le. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára agolo ni kí ẹ fi pò ó, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Bó bá pọ̀ jù á máa sán, bó bá kéré á máa lẹ̀. Ẹ má sì fọ́n ọn pẹ̀lú aṣọ tí ẹ fi bo imú lásán: isosaanétì, kẹ́míkà tó wà nínú ohun tó ń mú un le, máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìbòjú tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ mímọ́ sí láti ita ló yẹ ẹ́, kó má sì sí ẹlòmíràn nítòsí.

Gbígbẹ lójú kì í ṣe gbígbẹ dénú. Ọ̀dà olómi tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn lè gbẹ lójú ní wákàtí kan, kó sì tó ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó le dénú. Bí ẹ bá pa ilẹ̀kùn dé mọ́ férémù ní ọjọ́ kejì, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, ọ̀dà á sì ya nígbà tí ẹ bá fà á.

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn: ẹ gbé ilẹ̀kùn kọ́ lásán kọ́kọ́, ẹ fá a kó bá férémù mu, ẹ gbẹ́ ojú hínjì àti lọ́ọ̀kì. Lẹ́yìn náà ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ kùn ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ wá gbé e padà.

Fọ́míkà_Ló_Dáa:
Akunlé ti sọ òtítọ́, àmọ́ ẹ wo iye làálàá tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù àti lábẹ́ sínkì, fọ́míkà mm 0.8 tàbí 1 máa ń fara da ooru, ìfọ̀ àti ìhá ju ọ̀dà èyíkéyìí lọ. Ẹ má kàn fi wé awọ ike PVC tí wọ́n fi ooru fà bo MDF. Èyí yẹn dà bí ọ̀dà lójú, kò sì ní ìsopọ̀, ṣùgbọ́n ooru ààrò àti èéfín kẹ́tùrù máa ń tú àtè rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó láti etí. Mo fura pé òun ló wà lára kábínẹ́ẹ̀tì yín báyìí.

Fọ́míkà ní òfin tirẹ̀. Ojú méjèèjì pákó ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ì báà jẹ́ irú tó gbówó díẹ̀ ni wọ́n fi sẹ́yìn. Ojú kan ṣoṣo, pákó á tẹ̀. Gúlúù rẹ̀, ẹ pa á sára pákó àti sára fọ́míkà, ẹ dúró títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́. Ẹ to igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín àwọn méjèèjì, torí bí wọ́n bá ti kanra pẹ́nrẹ́n, kò ṣeé sún mọ́. Láti àárín ni kí ẹ ti máa yọ igi náà, kí ẹ fi róólà tẹ̀ ẹ́ lọ sí etí, kí afẹ́fẹ́ má há sábẹ́ rẹ̀. Tépù etí ilẹ̀kùn kó jẹ́ mm 2, ti inú àpótí lè jẹ́ 0.4 sí 1.

Akunlé_Gidi:
Mo gbà fún ẹ lórí ooru. Àmọ́ bí fọ́míkà bá sán létí, báwo lẹ ṣe fẹ́ tún un ṣe? Ọ̀dà ṣeé fá, ó ṣeé tún kùn. Fún ilẹ̀kùn tó ní ìlà tàbí pánẹ́ẹ̀lì lójú, fọ́míkà kò tiẹ̀ ṣeé lò.

Fọ́míkà_Ló_Dáa:
Kò ṣeé tún ṣe, òtítọ́ ni. Ilẹ̀kùn kan lẹ máa pààrọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń ní kí wọ́n fi abala kan pamọ́ lára fọ́míkà tí wọ́n rà, kí àwọ̀ rẹ̀ má di àwátì.

ÀtúnṣeIlé:
Ẹ ṣeun gan-an. A ti ń rò ó pé ká fi fọ́míkà sí ìsàlẹ̀, ká fi MDF tí a kùn sí òkè. Ṣé funfun kan náà ni ká fi sí ògiri, ilẹ̀kùn yàrá àti kábínẹ́ẹ̀tì? Ẹ tún bá wa sọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀ àti ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Ayàwòrán_Ilé:
Funfun kan náà kò sí. Nínú RAL, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dárúkọ àwọ̀ ọ̀dà, 9010 ń fà sí àwọ̀ ọ̀rá díẹ̀, 9016 tutù lójú jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ funfun ni wọ́n ń pe méjèèjì. Fọ́míkà funfun àti ọ̀dà funfun tí ẹ gbìyànjú láti mú bára mu máa ń yàtọ̀ díẹ̀, díẹ̀ yẹn gan-an ló sì ń dà bí àṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yàtọ̀ síra kedere: òkè funfun, ìsàlẹ̀ àwọ̀ igi tàbí eérú. Ẹ gbé àpẹẹrẹ tó tóbi tó bébà A4 dúró ní òòró, níbi tó máa wà gan-an, kí ẹ wò ó lọ́sàn-án àti lábẹ́ iná alẹ́.

Ní ti dídán: ojú dídán ń fi gbogbo gbágungbàgun hàn, èyí tí kò dán rárá ń gba ìdọ̀tí ọwọ́. Èyí tó wà láàárín ni kí ẹ lò fún ilẹ̀kùn àti kábínẹ́ẹ̀tì.

Ọwọ́ ilẹ̀kùn, lọ́ọ̀kì àti hínjì tó hàn síta, ọ̀dọ̀ aṣe kan náà ni kí ẹ ti rà wọ́n, torí àwọ̀ irin tí wọ́n pe orúkọ kan náà kì í jọra láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ihò ọwọ́ kábínẹ́ẹ̀tì máa ń fi 96, 128, 160 tàbí 192 jìnnà síra. Ẹ ṣe àwòkọ́ pákó kan tí ihò méjì wà lára rẹ̀, kí ẹ máa gbé e lé ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Láti ojú iwájú ni kí ẹ ti lù ú, kí ẹ sì ti igi mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ gírígírí kí ẹ̀yìn má fọ́. Skúrúù M4 (tó nípọn mm 4) gígùn 25 ló bá pákó 18 mu. Ti dúrọ́ọ̀ tí ojú rẹ̀ jẹ́ pákó méjì, ó sábà máa ń gba 45.

Oníkábínẹ́ẹ̀tì:
Dúrọ́ọ̀: rọ́nà (irin tí dúrọ́ọ̀ fi ń wọlé jáde) oníbọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń gba mm 12.5 sí 13 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, àpótí dúrọ́ọ̀ jẹ́ àyè inú, ẹ yọ 26 kúrò. Bó bá fi 2 fẹ̀ jù, á máa há. Bó bá fi 2 tín-ín-rín jù, ẹ ṣì lè fi pákó fẹ́lẹ́ há ẹ̀yìn rọ́nà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó ṣìnà sí títín-ín-rín. Ìdí dúrọ́ọ̀ kó jẹ́ pláíwúùdù 6 tó wọ inú kòtò yípo, kì í ṣe pákó 3 tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ìsàlẹ̀. Ìkòkò ló máa wà níbẹ̀. Sẹ́lífù èérún igi mm 18 kò gbọdọ̀ gùn ju 800 lọ láìsí òpó àárín, abọ́ á tẹ̀ ẹ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_Ògbó:
Ohun kan wà tí kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu bà. Ẹ ní àpótí àtijọ́ ò ní kúrò, táìlì tuntun á sì wá síwájú rẹ̀. Pákó tó bo ẹsẹ̀ kábínẹ́ẹ̀tì á ní láti dín ní 15, gíga kántà á sì wálẹ̀: tó bá jẹ́ 900 tẹ́lẹ̀, 885 ni báyìí. Èyí ò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ bá wà lábẹ́ kántà, tí ẹ sì tẹ́ táìlì dé iwájú rẹ̀ nìkan, ó ti wọ àhámọ́. Lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, kò ní ṣeé fà jáde láìfọ́ táìlì tàbí láìgbé kántà. Ẹ fà á síta báyìí, kí ẹ tẹ́ táìlì dé ògiri lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n bóyá ó ṣì máa wọlé. Àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣeé dín kù díẹ̀.

Sítóòfù gáàsì: láti orí iná dé ìdí ẹ̀rọ tó ń fa èéfín, 650 sí 750, bí ìwé ẹ̀rọ náà bá ṣe wí. Kí igi kábínẹ́ẹ̀tì òkè má sún wá sórí iná.

Ní ti ètò iṣẹ́: omi àti wáyà inú ògiri, rírẹ́ ògiri ní sìmẹ́ǹtì, àjà, táìlì ilẹ̀. Kí gbogbo ohun tó tutù gbẹ. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n dà sílẹ̀ máa ń gba bí ọjọ́ kan fún mílímítà kan kó tó gbẹ, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ bó bá nípọn ju 50. Ilẹ̀kùn tuntun tí ẹ bá gbé wọ inú ilé tí ògiri rẹ̀ ṣì tutù á ti mu omi kí ọ̀dà tó kàn án. Bó bá gbẹ tán, ẹ tẹ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀ pẹrẹsẹ nínú yàrá fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kó mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ẹ má fi í ti ògiri.

ÀtúnṣeIlé:
A ti kọ ìwọ̀n sílẹ̀, ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò kí pákó tó dé ẹnu ayùn. Gíga àpótí ìsàlẹ̀ 720.
Abẹ́ sínkì 800: ilẹ̀kùn méjì, 397 × 717.
Ti igun, 400, ó kan ògiri: ilẹ̀kùn kan, 397 × 717.
Onídúrọ́ọ̀ mẹ́ta, 600: ojú 597, gíga 180, 267, 267.
Èyí tó ga, fífẹ̀ 500, gíga 2100: ilẹ̀kùn kan, 497 × 2097, MDF 18.

Oníkábínẹ́ẹ̀tì:
Abẹ́ sínkì tọ́. Dúrọ́ọ̀ kò tọ́: 180 pẹ̀lú 267 méjì jẹ́ 714, àyè mm 3 méjì láàárín wọn sọ ọ́ di 720, ó sì yẹ kó dúró sí 717. Ẹ sọ ti òkè di 177.

Èyí tó kan ògiri, ẹ má jẹ́ kó kan ògiri. Ẹ fi pákó tóóró tó fẹ̀ tó 50 sáàárín àpótí àti ògiri, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn á máa lu táìlì ògiri, ilẹ̀kùn ò sì ní ṣí kọjá 90. Pákó yẹn náà lẹ máa fá bí ògiri bá wọ́. Bí àyè ò bá sí, ẹ dín àpótí yẹn kù sí 350, ilẹ̀kùn rẹ̀ á di 347.

Èyí tó ga ni mo fẹ́ kí ẹ tún rò. MDF 18 máa ń wọ̀n tó kílò 13 ní mítà oníhà mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ilẹ̀kùn yẹn á sún mọ́ kílò 14 kó tó gba ọ̀dà, á nílò hínjì márùn-ún, gíga yẹn sì máa ń tẹ̀ láàárín. Ẹ pín in sí méjì: ìsàlẹ̀ 717, kó bá àwọn yòókù dọ́gba, òkè 1377, mm 3 láàárín. Hínjì méjì fún ti ìsàlẹ̀, mẹ́ta fún ti òkè. Ihò hínjì gbogbo wọn, kí ẹ lù ú kí práímà tó kàn wọ́n, kí akunlé lè dí inú ihò náà pẹ̀lú.